Ìkíni Láyíwọlá Ju Bátìrì Lọ

4

…ni mo fi bẹ Ìyá Kùmásí pé kí wọ́n má sá bátìrì náà sóòrùn mọ́.

Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ọ pé bátìrì kì í gba oòrùn?"

Mo ní ilé ẹ̀kọ́ ni.

"Ilé ẹ̀kọ́ wo?"

"Ifẹ̀, mà."

"Ọdún mélòó lo lò níbẹ̀?"

Mo ní ọdún méje, nítorí ìyanṣẹ́lódì.

Wọ́n wò mí títí. "Ọdún méje. Kò sí ẹni tó sọ fún ọ pé oòrùn ń jí bátìrì."

Ó wà lórí páànù, láàárín bátìrì rédíò mẹ́rin, bí àlejò tí wọ́n fi jókòó sáàárín àwọn ọmọ onílé. Àwọn yẹn rí roboto. Òun rí pẹlẹbẹ. Mo fi ìka kan kàn án, mo sì fa ìka náà padà kíá.


[Abala 1 dé 3: mo ti fà wọ́n ya. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ pọ̀ jù nínú wọn. Abala 6 wà lọ́wọ́ Comfort. Ó ní òun yóò dá a padà bí mo bá ti rí ìdáhùn fúnra mi.]


5

ÀWỌN TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ KÀN

Èmi. Ọlámikúnlé, ọmọ Ìlobù. Mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa iná àti ẹ̀rọ. Mo ń retí ìwé ìpè agùnbánirọ̀. Mo fẹ́ fẹ́ Comfort.

Comfort. Tíṣà ni, ní Ìfọ́n. Ó gbà láti fẹ́ mi. (Ó ka ibí yìí, ó ní kí n tún un kọ báyìí: "Ó ń rò ó." Mi ò tún un kọ.)

Ìyá Kùmásí. Ìyá tó bí Comfort. Ọdún 1969 ni wọ́n bọ̀ láti Ghana, ọmọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, àpótí abọ́ tánńganran onírin mẹ́ta lórí ọkọ̀. Abọ́ yẹn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ọjà ní Ìfọ́n. Ṣọ́ọ̀bù náà ṣì wà. N kò tíì rí ẹni tó ná ọjà pẹ̀lú wọn tó borí.

Láyíwọlá. Ọmọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nígbà náà. Ó ti di àgbà. Ó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Hamburg. Ọdún méje rèé tí kò wálé. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, ó máa ń fi bàálù kékeré ṣeré ní pápá, èyí tí wọ́n ń darí láti ilẹ̀. Ẹ rántí bàálù yìí.

Hameed. Ọ̀rẹ́ mi. Ó ń tún rédíò ṣe ní Ìlobù. Òun ló ni mítà tí a fi ń wọn iná. Òun ló ni bátìrì ọkọ̀. Òun ló sì ni ẹnu.

Bátìrì. Ẹyọ kan péré. Lítíọ́mù.


7

Ohun tí Láyíwọlá fi bírò kọ sára ẹrù tó fi ránṣẹ́:

MAAMI, Ẹ GBỌ́ ÈYÍ TÁN
KÍ Ẹ TÓ DÁ ỌMỌ ÌLOBÙ YẸN LÓHÙN.

Kò kọ ohun mìíràn.


8

Ọmọ Ìlobù yẹn ni èmi.


9

Ohun tó wà nínú ẹrù náà, oṣù kẹta ọdún 1997, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe tò ó sórí tábìlì wọn:

Ẹ̀rọ kan tó wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì. Ohùn ló ń gbà, ohùn ló ń sọ.

Àwo kan tó ń dán, nínú ilé oníke, tó fi díẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ. Kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe àwo gramafóònù. Hameed ti wá ẹ̀rọ mìíràn tó lè ka irú rẹ̀ dé Òṣogbo. Kò sí.

Gbohùngbohùn kékeré kan, tí a lè fi gbọ́ ọ láì ki nǹkan bọ etí.

Bátìrì kan nínú ikùn ẹ̀rọ náà. Ó ti kú.

Ṣájà kan. Kì í ṣe ṣájà ẹ̀rọ náà. Ti bàálù ni. Mo rò pé ó di ẹrù nígbà tí ó ń kánjú, ó mú àpótí tí kò yẹ kó mú.

Wáyà tí à bá fi gba iná Nẹ́pà kò sí nínú rẹ̀.

Ìyá Kùmásí ní, "Ìwọ tí o kàwé iná, jẹ́ kó sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Mà, kí ni ẹ rò pé ó máa sọ nípa mi?"

Wọ́n ní, "Bí mo bá mọ̀, ṣé màá pè ọ́?"

Mo mú ṣájà àti bátìrì lọ sí Ìlobù. Ẹ̀rọ ò kúrò nílé wọn. Wọ́n ní ohùn ọmọ àwọn ò ní gun ọ̀kadà.


10

Hameed, nígbà tí mo ròyìn fún un:

"Ìyẹn ni pé wọ́n ní kí àgbò Iléyá wá bá wọn pọ́n ọ̀bẹ."


11

ṢÁJÀ

Ó tó Bíbélì kékeré. Wáyà méjì tó gbẹ́nu bí ọ̀nì, ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú: ẹnu bátìrì ọkọ̀ ni wọ́n ń gé jẹ. Wáyà tín-ín-rín méjì mìíràn: ti bátìrì tí a fẹ́ ṣáàjì. Súwíìṣì kan, apá kan NiCd, irú bátìrì àtijọ́, apá kejì Li, ìyẹn lítíọ́mù. Kókó kan tí à ń yí fún iye bátìrì. Kókó kejì fún òpin fóltì: 4.1, 4.2. Iná kékeré kan, pupa bó bá ń ṣiṣẹ́, àwọ̀ ewé bó bá parí.

Ìwé rẹ̀ jẹ́ èdè Jámánì. Mi ò gbọ́ Jámánì. Àmọ́ àwòrán ilé tó ń jó, tí wọ́n fa ìlà lé lórí, kò sí èdè tí kò yé.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ẹni tó bá ti bu epo sínú ìgò ọlọ́rùn tóóró rí mọ̀ ọ́n. Lákọ̀ọ́kọ́, o lè dà á gìdìgìdì. Bó bá ti ku díẹ̀ kó kún, wàá dẹ ọwọ́, wàá máa kán an tótó, tótó. Bí o bá tún dà á gìdìgìdì, ó máa dà nù. Epo tó dà nù á ba ilẹ̀ jẹ́. Lítíọ́mù tó bá kún jù á jóná.

Nítorí náà súwíìṣì yẹn ṣe pàtàkì. NiCd ò mọ ìgbà tí ìgò lítíọ́mù kún. Á kàn máa dà á lọ.


12

ÒFIN

(mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ìsọ̀ Hameed)

1. Súwíìṣì wà ní Li. Kì í ṣe NiCd. Hameed, kì í ṣe NiCd.
2. Bátìrì ẹyọ kan ni. Kókó wà ní 1.
3. Pupa sí +. Dúdú sí −. Wò ó lẹ́ẹ̀mejì kí o tó so ó.
4. 4.1 ni òpin. Ara bátìrì gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí.
5. Inú àpáàdì tó ní iyanrìn ni kó wà. Kì í ṣe orí pákó. Kì í ṣe orí ìwé ìròyìn.
6. Bó bá gbóná ju iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ le, yọ ọ́.
7. Má fi í sílẹ̀ lọ jẹun.

(lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ Hameed:)

8. Bí ìyàwó bá bọ́, kí ẹnikẹ́ni má bá onírédíò jà.


13

PÁTÁKÓ TUNTUN NÍ ẸNU Ọ̀NÀ ÌSỌ̀ HAMEED

A Ń TÚN RÉDÍÒ, FÁÀNÙ ÀTI ÁYỌ́Ọ̀NÙ ṢE.
A KÌ Í BÁ ÈNÌYÀN FẸ́ ÌYÀWÓ.
ÀYÀFI ENJINÍÀ KAN.


14

Bí a ṣe fẹnu kò sí: ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo máa ṣáàjì bátìrì. Ọjọ́ náà ni mo máa gbé e lọ sí Ìfọ́n. Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, a ó jókòó gbọ́ ọ, gbogbo wa. Ìyá Kùmásí ló là á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní a kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ lórí ìdúró.

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé ọjọ́ Àìkú, inú àpótí wọn ni bátìrì ń sùn.

Ẹ rántí àpótí yìí pẹ̀lú.


15

ÀKỌSÍLẸ̀. Ọjọ́ Àìkú kìíní. Pálọ̀ Ìyá Kùmásí.

LÁYÍWỌLÁ (nínú ẹ̀rọ): Maami. Mo dọ̀bálẹ̀ o.

ÌYÁ: Dìde, ọkọ mi. Dìde. Ilẹ̀ tútù níbẹ̀ yẹn.

LÁYÍWỌLÁ: Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú àìrí ara ẹni.

ÌYÁ: A kú u o.

LÁYÍWỌLÁ: Ẹ kú ọjà. Ẹ kú òjò tó ń rọ̀. Bí kò bá sì rọ̀, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀.

ÌYÁ: Ó rọ̀. Ó rọ̀ lánàá.

ÈMI: Mà, ẹ̀rọ ò lè gbọ́ yín o.

ÌYÁ: Ẹnu rẹ ni mo fi ń sọ̀rọ̀ ni?

COMFORT: Kúnlé, jókòó jẹ́ẹ́.

LÁYÍWỌLÁ: Ẹ bá mi kí Bàbá Adéjọbí. Ẹ sọ fún wọn pé mo rántí. Ẹ ní kí wọ́n má bínú pé mo pẹ́.

(Ó pé ọdún méjì tí Bàbá Adéjọbí ti kú. Ìyá ò tíì rí bí wọ́n ṣe máa kọ ọ́ sínú ìwé fún Láyíwọlá.)

ÌYÁ: Wọ́n ní àwọn ò bínú.

LÁYÍWỌLÁ: Ẹ kí Comfort. Comfort, ṣé o ṣì máa ń jẹ èékánná?

COMFORT: Rárá o!

ÈMI: Bẹ́ẹ̀ ni.

LÁYÍWỌLÁ: Ẹ kí Mọ́ríátù aládùúgbò, òun àtàwọn ọmọ. Ẹ kí àwọn ẹgbẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Màmá Ṣemílọ́rẹ. Màmá Ìbejì. Màmá Ìbejì kejì. Ẹ kí ẹni tó ń gbé omi wá. Ẹ kí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé…

(Ẹ̀rọ kú.)

(Ìṣẹ́jú mọ́kànlá.)


16

Kò tíì kan ọmọ Ìlobù.


17

Bọ́tìnnì kan wà lára ẹ̀rọ náà, ọfà méjì tó kọjú sí ọ̀tún. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, ó máa fo ohun tó ń sọ. Mo fi hàn wọ́n ní ọjọ́ Àìkú kejì.

ÌYÁ: Ó ń fo kí ni?

ÈMI: Ó máa fo ìkíni, mà. Ká lè tètè dé ibi ọ̀rọ̀ gan-an.

(Comfort ń wo àjà.)

ÌYÁ: Ní Ìlobù, ẹ máa ń fo ìkíni?

ÈMI: Rárá, mà.

ÌYÁ: Bí o bá dé ilé àna rẹ lọ́la, o fẹ́ fo ìkíni wọlé?

ÈMI: Rárá, mà.

ÌYÁ: Ọmọ mi jókòó nínú òtútù, ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kí igi pàápàá. Ìwọ fẹ́ fi ìka fò ó.

ÈMI: Ẹ má bínú, mà.

ÌYÁ: Mi ò bínú. Yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì dá òjò lóhùn tán.


18

OHUN TÍ MO KỌ SÍNÚ ÌWÉ MI

Ọjọ́ Àìkú kìíní. Ìṣẹ́jú 11. Ìkíni dé igi máńgòrò. Wọ́n fún mi ní omi.

Ọjọ́ Àìkú kejì. Ìṣẹ́jú 9. Ìkíni dé Màmá Ìbejì kejì. Wọ́n fún mi ní omi àti bisikíìtì. Mo bá wọn kan páànù tó ṣí.

Ọjọ́ Àìkú kẹta. Ìṣẹ́jú 12. Ìkíni kọjá igi máńgòrò, ó kan ajá. (Ajá náà ti kú. Ìyá dáhùn fún un.) Wọ́n fún mi ní kẹ́ńkẹ́ àti ṣitọ́, oúnjẹ àti ata Ghana. Mo gun igi máńgòrò náà, mo já èso.

Ọjọ́ Àìkú kẹrin. Ìṣẹ́jú 10. Igi máńgòrò. Kẹ́ńkẹ́, ṣitọ́, ẹja odindi. Mo to abọ́ tánńganran sórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù, ńlá nísàlẹ̀, kékeré lókè. Wọ́n ní mo tò ó dáadáa. Wọ́n tú u ká, wọ́n tún un tò.


19

Ìṣirò mi ni pé bátìrì tó kún yẹ kó sọ̀rọ̀ ju wákàtí kan lọ.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mọ́kànlá, ni à ń rí.

Níbo ni ìyókù ń lọ?


20

ÈRÒ MI

(a) Oòrùn ti bà á jẹ́ lórí páànù.
(b) Ẹ̀rọ ń mu iná bí a bá pa á pàápàá.
(d) Ṣájà ń parọ́: iná àwọ̀ ewé ń tàn kó tó kún.
(e) Mítà Hameed ń parọ́.

ÈRÒ HAMEED

(ẹ) Ìfọ́n ti ń fa iná Ìlobù. Ilẹ̀ la rò pé wọ́n ń bá wa dù. A ò mọ̀ pé ó ti dé bátìrì.
(f) Láyíwọlá mọ ohun tó ń ṣe. Kò fẹ́ kí o gbé arábìnrin òun. Ó fi ìkíni dí ọ lọ́nà.
(g) Ìwọ.


21

Nípa ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú wa méjèèjì ju ọjọ́ orí mi lọ, ó sì ju ti bàbá mi lọ. N kò ní kọ ọ́ síbí. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ibẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò bá jẹ́ ọmọ ibẹ̀ á rò pé odò ńlá kan ló là wá, tàbí òkè kan. Mo máa ń fi ẹsẹ̀ rìn ín nígbà tí kò bá sí ọ̀kadà. Mi ò lè sọ ibi tí ẹsẹ̀ mi ti kúrò lórí ọ̀kan tó tẹ èkejì.

Lọ́jọ́ kan, mo bi Ìyá Kùmásí bóyá tìtorí ìyẹn ni wọn ò ṣe fẹ́ dá mi lóhùn.

Wọ́n ní, "Ilẹ̀ ló ń bá ilẹ̀ jà. Èmi ò bá ọ jà. Àmọ́ ìgbà kan wà tí wọ́n ní ká kúrò níbi tí mo rò pé ilé mi ni, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún wa. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ gbé ọmọ fún ìlú kan, mo máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ yẹn."

Ọmọ ọdún méje ni Láyíwọlá lọ́jọ́ yẹn.

Mo jẹ kẹ́ńkẹ́ mi.


22

Mo parọ́ nínú abala 12. Ìyẹn òfin 4.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo yí kókó sí 4.2.

Mo rò ó báyìí: bí ìgò bá ṣì ń gba díẹ̀ sí i, ìṣẹ́jú márùn-ún á lé, ìkíni á tán, màá mọ bóyá mo ní ìyàwó. Mo wo ara bátìrì, 4.1. Mo wo kókó, 4.2. Mo ní kí ni ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Hameed ni mo rán sí súwíìṣì. Ó tan án. Mo gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó gbóná bí iyán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lódó. Mo wo súwíìṣì.

NiCd.

Mo fa wáyà náà já. Mo da iyanrìn bò ó. Àwa méjèèjì sá jáde, a dúró sí òdì kejì títì, a ń wo ìsọ̀ tiwa bí ẹni ń wo ilé onígbèsè. Obìnrin kan gbé rédíò wá láti tún un ṣe. Hameed ní, "Màmá, ẹ dúró níbẹ̀ yẹn ná, à ń kí i."

Kò jó.

Nígbà tó tutù, mo fi mítà wò ó: 4.09. Ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i ni ì bá kọjá ààlà. Ẹ̀rọ kan, àwo kan, bátìrì kan, ohùn ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò rí fún ọdún méje. Mo fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ra ìṣẹ́jú márùn-ún.

Mo yí kókó padà sí 4.1, mo sì fi bébà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀.

(Hameed ní kí n kọ ọ́ pé òun ò mọ̀ pé súwíìṣì yẹn ṣe pàtàkì. Ẹ wo òfin 1.)


23

ÌDÁNWÒ

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Mo ṣáàjì bátìrì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. 4.10. Àmọ́ mi ò gbé e lọ sí Ìfọ́n. Mo fi sínú àpótí ìṣó Hameed. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ Àìkú.

Bó bá lọ sílẹ̀, bátìrì ló ní àrùn.
Bí kò bá lọ sílẹ̀, a jẹ́ pé ilé ni.


24

ÌWÉ TÍ COMFORT FI RÁN ỌLỌ́KADÀ SÍ MI, ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà:

Kúnlé,
Níbo ni bátìrì wà? Maami ti béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n ní bóyá o ti sá lọ. Lánàá wọn ò jẹ oúnjẹ ọ̀sán tán. Wọ́n ta abọ́ fún Nímọ́tà láì jẹ́ kó ná an. Gbogbo ọjà ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.
Kí lo ṣe?
C.


25

Ọjọ́ Àìkú karùn-ún, òwúrọ̀. Ìsọ̀ Hameed.

4.08. Kò lọ sílẹ̀ tó nǹkan.

Hameed wo mítà, ó wò mí.

"Mítà mi ò parọ́ rí," ni ó wí.


26

ÀKỌSÍLẸ̀. Ọjọ́ Àìkú karùn-ún. Pálọ̀ Ìyá Kùmásí.

ÈMI: Mà, ẹ kú ìsìmi o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. (Mo dọ̀bálẹ̀. Mo kí wọn fún ìgbà pípẹ́. Mo ti kọ́gbọ́n.)

ÌYÁ: O ti gbàgbé wa.

ÈMI: Rárá o, mà. Bátìrì rèé. Ó kún dáadáa lónìí. Mo rò pé lónìí, ìkíni máa tán.

(Wọ́n gba bátìrì. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, iwájú, ẹ̀yìn.)

ÌYÁ: Ó kún?

ÈMI: Ó kún, mà. Ó máa sọ̀rọ̀ ju wákàtí kan lọ.

ÌYÁ: Hẹn.

COMFORT: Maami, ṣé kí n gbé ẹ̀rọ wá?

ÌYÁ: Orí ń fọ́ mi lónìí.

COMFORT: Orí tí ẹ fi kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀?

ÌYÁ: Orin ló fọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká sún un di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kúnlé, fi bátìrì sílẹ̀. Comfort, bu oúnjẹ fún un. Gbé orí ẹja náà sí i.


27

Wọ́n pè mí ní Kúnlé.

Ṣáájú ọjọ́ yẹn, "ọmọ Ìlobù" ni.


28

Mo jókòó sí ẹ̀bá títì ní ọ̀nà Ìlobù, mo sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìṣirò mi:

Bátìrì kò ní àrùn.
Ṣájà kò parọ́.
Mítà kò parọ́.
Ẹnì kan ń gbọ́ àwo náà láàárín ọ̀sẹ̀.
Comfort wà níléèwé láti àárọ̀ títí di ọ̀sán.
Ènìyàn méjì péré ló wà nínú ilé náà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń kọjá lórí kẹ̀kẹ́ ní, "Ẹ kú orí ire o."


6

(Comfort dá a padà lónìí. Ọwọ́ rẹ̀ nìyí.)

Kúnlé,

Fún ẹni tó kàwé fún ọdún méje, o pẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ti mọ̀. Ọjọ́bọ̀ yẹn, ìjì ká páànù kíláàsì mi, wọ́n ní ká tètè máa lọ. Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Mo gbọ́ ohùn bùrọ̀dá mi. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Maami jókòó sílẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀, ẹ̀rọ wà lórí àga níwájú wọn bí àlejò. Ìkíni ti tán nígbà tí mo dé. Kúnlé, ó máa ń tán. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa ibi iṣẹ́ rẹ̀, nípa yìnyín, nípa bàálù rẹ̀ kan tó já sínú odò tí wọ́n fi ọkọ̀ lọ yọ. Maami ń dá a lóhùn ní gbogbo rẹ̀. "Wọ́n yọ ọ́? Ọlọ́run ṣeun."

Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa, Maami. Ní ti ọmọ Ìlobù yẹn…"

Maami bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pọ̀, ó bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mi ò gbọ́ ohun tó sọ. Èyí tí mo gbọ́ kẹ́yìn ni "ṣe bẹ́ẹ̀." Mi ò mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ó lè jẹ́ "kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀." Ó lè jẹ́ "kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀."

Mi ò lè sọ irú ẹ̀rín tó jẹ́. O mọ̀ pé bí wọ́n bá fẹ́ lé oníbàárà jáde wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín. Bí inú wọn bá dùn, wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà wọ́n na ìka, wọ́n tẹ bọ́tìnnì ọlọ́fà. Èyí tó kọjú sí òsì. Wọn ò wá a, Kúnlé. Ìka wọn mọ ibẹ̀.

"Maami. Mo dọ̀bálẹ̀ o."

"Dìde, ọkọ mi."

Mo padà jáde. Mo lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò títí di àkókò tí mo máa ń dé.

Mi ò sọ fún ọ nítorí pé bí mo bá sọ, wàá lọ béèrè. Bí o bá béèrè, wọ́n á dá ọ lóhùn. Mo fẹ́ràn bí o ṣe ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀. Má fà á ya.

C.

(Mo ti ṣíwọ́ jíjẹ èékánná.)


29

Hameed ka abala 6. Mi ò ní kó kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

HAMEED: Wọ́n gbà ni. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀, ṣé ó máa bu orí ẹja fún ọ?

ÈMI: Bóyá ẹja ìdágbére ni.

HAMEED: Fún ọ̀sẹ̀ méjì léraléra? Ìdágbére wo ló pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

ÈMI: O ò tíì gbọ́ ìkíni ilé yẹn ni.


30

ÀKỌSÍLẸ̀. Ọjọ́ Àìkú kẹfà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ẹ̀rọ ti kú. Comfort ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé, kò sí ìró omi.

ÌYÁ: Ó tún kú.

ÈMI: Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

ÌYÁ: Ẹ̀rọ òyìnbó.

ÈMI: Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

(Mo ní ìbéèrè lẹ́nu. Ó ti dé eyín. Wọ́n wo ẹnu mi, wọ́n sì rí i níbẹ̀.)

ÌYÁ: Bátìrì yìí, ẹ̀ẹ̀melòó ni a lè ṣáàjì rẹ̀ kó tó kú pátápátá?

ÈMI: Bí a bá tọ́jú rẹ̀, tí a ò sá a sóòrùn, tí a ò kọjá 4.1, ó lè tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìgbà, mà.

ÌYÁ: Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

ÈMI: Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

ÌYÁ: Ọdún mélòó nìyẹn?

ÈMI: (mo ṣírò) Ó ju ọdún mẹ́sàn-án lọ, mà.

ÌYÁ: Ó ju iye tí o lò ní Ifẹ̀ lọ.

ÈMI: Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

ÌYÁ: Ṣé wàá máa wá?

(Lẹ́yìnkùlé, abọ́ kan bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan. Tánńganran ni, kò fọ́.)

ÈMI: Màá máa wá, mà.

(Wọ́n yọ bátìrì kúrò nínú ẹ̀rọ. Wọ́n fi eteetí ìró wọn nù ún. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì pa ìka mi dé mọ́ ọn.)

ÌYÁ: Kí lo wá ń kánjú fún?


31

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìsọ̀ Hameed.

3.31.

Súwíìṣì, Li. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kókó, 1. Òpin, 4.1, bébà ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Pupa sí +. Dúdú sí −. Iyanrìn.

Mo tan án.

Iná pupa.


32

[Abala yìí wà lọ́wọ́ Ìyá Kùmásí. Wọn ò tíì dá a padà.]